Òkúta Kọ́ Nìyí

Ìyá mi fi ìka gbá ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, ó gbé etí sún mọ́ ọn, ó ní, "Òkúta kọ́ nìyí."

Mo ní, "Ìyá, òkúta ni wọ́n ń pè é."

Ó ní, "Ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ kò gbé Ṣábẹ̀ẹ́ rí."

Àjákù kékeré kan lára ohun tí mo fi ń ṣe ojú ibi iṣẹ́ ilé ìdáná ni mo mú lọ bá a lọ́jọ́ náà, funfun tó ní àmì dúdú wẹ́wẹ́ lára bí ẹyin awó. Mo fẹ́ kó fojú rí ohun tí ọmọ rẹ̀ fi ń jẹun ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ó tún gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. "Òkúta máa ń tutù, kódà lọ́sàn-án gangan, bó bá ti wà níbòòji. Èyí ò tutù. Òkúta kì í dún báyìí. Pákó ló ń dún báyìí." Ó dá a padà fún mi, ó sì padà sídìí ọlọ rẹ̀.

N kò lè bá a jiyàn. Ẹni tí wọ́n bí sí ìsàlẹ̀ òkè Ṣábẹ̀ẹ́, tó fi òkúta ṣeré, tó fi òkúta ṣe ààrò, tó fi òkúta lọ ata títí irun rẹ̀ fi funfun, ta ni èmi tí n ó wá máa kọ́ ọ ní òkúta? Bí ẹ bá ti gba ọ̀nà Kútọnu lọ sí Paraku rí, ẹ ó ti rí àwọn òkè náà. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni wọ́n ti kàn yọrí jáde, wọ́n rí roboto, orí wọn dán bí orí ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Àwọn Faransé pè wọ́n ní ọmú Ṣábẹ̀ẹ́. Akọ òkúta ni wọ́n, gíráníìtì pọ́ńbélé. Nígbà ogun Dàhòmì, àárín àwọn òkúta wọ̀nyẹn ni àwọn baba ńlá wa sá sí. Òkúta tó gba èèyàn lọ́wọ́ ogun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi orúkọ rẹ̀ ṣeré níwájú ìyá mi.

Ọlọ tó ń lò, láti ara òkè yẹn náà ni. Ìyá tó bí i ló fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Ohun tí mo rántí jù nípa ọlọ yẹn láti kékeré ni ọjọ́ tí kò bá mú mọ́. Ata á máa yọ̀ kiri lójú rẹ̀, kò ní í kúnná. Ìyá mi á wá wá òkúta líle kan bí ìkúùkù, á jókòó, á gbé ọlọ sáàárín ẹsẹ̀, á máa ṣá a lójú, kọ́, kọ́, kọ́, láti orí dé ìdí, pẹ̀lú sùúrù tí kì í ní fún àwa ọmọ. Lẹ́yìn náà á fọ̀ ọ́, á lọ ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan lórí rẹ̀, á dà á nù fún adìẹ, á tún lọ òmíràn, títí yanrìn kò fi ní í hàn nínú rẹ̀ mọ́. Ọlọ á tún mú bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ẹ. Àádọ́ta ọdún ó lé, ọlọ kan náà.

Káfíńtà ni mí. Pákó ni mo kọ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Àjàṣẹ́: bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù, ilẹ̀kùn. Ìgbà tí mo lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Kútọnu tó ń ṣe ilé ìdáná fún àwọn olówó ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ohun tí ìyá mi kọ̀ láti pè ní òkúta yìí. Nígbà tí mo padà wálé láti dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, òun ni mo gbé dání.

Kí n tó sọ ohun tó jẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀ kó tó dé. Nílùú wa, bí èèyàn bá ní owó díẹ̀ tó ń kọ́lé, ohun tí bíríkìlà á ṣe fún un ní ilé ìdáná ni pé á da dáàlì kọnkéré sórí ògiri kúkúrú méjì, á sì lẹ kárò mọ́ ọn lójú, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní táìlì. Kò burú. Kárò le, iná kì í ràn án, ọ̀bẹ kì í kọ ọ́ lára. Àárín kárò kan sí èkejì ni ìyọnu wà. Sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi dí ibẹ̀ máa ń mu epo pupa bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe ń mu omi òjò. Kó tó di oṣù mẹ́fà, ó ti pọ́n. Kó tó di ọdún kan, ó ti dúdú, èérún ẹja ti há sí i, aáyán sì ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Mo ti rí obìnrin tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ àárín kárò ní ọjọ́ Sátidé, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà.

Orúkọ tí mo ń pe ibi iṣẹ́ yẹn ni pẹpẹ. Àwọn oníbàárà mi kan ń sọ plan de travail, àwọn tó ti gbé Èkó ń sọ káńtà. Àmọ́ pẹpẹ ti wà kí gbogbo wọn tó dé. Bí a bá ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, pẹpẹ tí à ń wí nìyẹn, ibi gíga tí à ń gbé nǹkan lé. Nínú ilé ìdáná ìyá mi, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ìkòkò àti igbá ló wà lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nílẹ̀ niṣẹ́ wà, lórí àpótí. Ní báyìí a ti gbé iṣẹ́ dìde kúrò nílẹ̀, a gbé e ka orí pẹpẹ, ìwọ̀n tí wọ́n sì ń lò káàkiri jẹ́ nǹkan bí 90 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń gé àlùbọ́sà. Ẹni tó fẹ́ ro ọkà ńkọ́? Ibi tí ìkòkò bá wà lórí gáàsì, tí gáàsì wà lórí pẹpẹ, ọwọ́ ẹni tó ń ro ọkà á ti ga dé èjìká. Obìnrin mẹ́ta ló ti sọ fún mi pé lẹ́yìn tí mo ṣe ilé ìdáná olówó ńlá tán, ẹ̀yìnkùlé làwọn ti ń ro ọkà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi oníbàárà léèrè kí n tó wọn ohunkóhun: "Kí lẹ máa ń sè?" Bí ọkà bá wà níbẹ̀, mo máa ń dín apá kan pẹpẹ kù sí 60 tàbí 65, ibẹ̀ ni gáàsì máa ń gbé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ohun tí ìyá mi gbá níka.

Donald Slocum, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà, ló pò ó ní ọdún 1967. Ní 1971 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á pẹ̀lú orúkọ Corian. Àwọn oníbàárà mi kan rò pé Kòríà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, pé ibẹ̀ ló ti wá, n kì í sábà tọ́ wọn sọ́nà, torí pé lónìí àwọn ará Kòríà náà ń ṣe é dáadáa: Hi-Macs àti Staron, ọ̀dọ̀ wọn ni. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ akirílíìkì, irú ike tó mọ́ kedere bíi dígí, tí wọ́n fi ṣe fèrèsé ọkọ̀ òfurufú nígbà ogun àgbáyé kejì. Ìdá méjì tó kù jẹ́ ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n ń yọ lára bọ́ọ̀sáìtì, òkúta pupa tí wọ́n fi ń ṣe alumíníọ̀mù, tó pọ̀ lọ jàra ní Gíní. Omi wà ní ìdè nínú ìyẹ̀fun náà. Bí ooru bá mú un kọjá nǹkan bí 200 dígírì, ó máa ń tú omi yẹn sílẹ̀, ìdí nìyí tí gbogbo rẹ̀ kì í fi í tètè gbiná bí ike lásán.

Ẹ rò ó bíi kọnkéré tí wọ́n fi ike rọ́pò sìmẹ́ńtì. Nítorí náà ìyá mi kò jẹ̀bi, èmi náà kò sì fi gbogbo ara purọ́. Ìka rẹ̀ gbọ́ ohùn ike, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ pé kò fa ooru kúrò lára bí akọ òkúta ṣe ń fà á.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé inú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ọ̀kan ni. Fọ́míkà tí a ti ń lò látijọ́, awọ fẹ́lẹ́ ni lórí pákó. Bí awọ yẹn bá ti bó, pákó inú rẹ̀ yọjú, ọ̀rọ̀ ti parí, àgàgà ní ìlú tí ọ̀sà wà nítòsí bíi tiwa, tí pákó ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́. Èyí nípọn tó mílímítà 12, àwọ̀ tó wà lójú rẹ̀ náà ló wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ ha á lójú, ẹ ó tún bá àwọ̀ kan náà nísàlẹ̀.

Ní abala gbọọrọ ni wọ́n ń gbé e wá, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan lé díẹ̀ ní mítà mẹ́ta àtààbọ̀, ìbú rẹ̀ jẹ́ 76 sẹ̀ǹtímítà. Èèyàn méjì lè gbé e wọlé láìsí ariwo, torí pé mítà kan níbùú lóròó kò ju bíi kílò 21 lọ. Gíráníìtì tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta á lé ní kílò 80. Irin iṣẹ́ káfíńtà ni a fi ń gé e: ayùn oníná, àti ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ etí pákó, tí àwa ń pè ní défonceuse. Gọ́ọ̀mù rẹ̀, akirílíìkì aláwọ̀ kan náà ni. Bí a bá fi so méjì pọ̀, tí a jẹ́ kó gbẹ, tí a wá fi sáńpépà pa á, láti orí èyí tó rí ṣákaṣàka dé orí èyí tó kúnná, ìlà tó wà láàárín wọn á pòórá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pe ọ̀gá mi ní Kútọnu, mo ní ìlà náà ti sọnù, bí ẹni pé wọ́n jí i gbé. Ó rẹ́rìn-ín. Síǹkì pàápàá, a lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ pẹpẹ kí ó di ohun kan ṣoṣo, kí ó má sí ibi tí epo á fi orí pamọ́ sí. Ìdí tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń lò ó káàkiri ayé nìyẹn. Bí a bá sì yan án nínú ooru bí 160 dígírì, á rọ bí awọ tí wọ́n rẹ sómi, èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ bó ṣe fẹ́, bó bá tutù, á gan síbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ló kù yìí, ojú sì ń tì mí díẹ̀.

Ọ̀kan nínú pẹpẹ tí mo kọ́kọ́ ṣe nígbà tí mo dá dúró, ti ìyá kan ni, tó ń ta aṣọ ní ọjà Ouando. Obìnrin tó mọ owó, tó sì mọ oúnjẹ sè. Ó bi mí léèrè pé kí lohun yìí. Mo fi àyà sọ̀yà, mo ní, "Màmá, òkúta ni. Kò sóhun tí yóò ṣe é." Mo mọ̀ pé bí mo bá pe ike mọ́ ọn, kò ní í san iye tí mo ń pè. Ó san án.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó pè mí lórí fóònù. "Ọ̀gá káfíńtà, òkúta yín ti là o."

Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé bóyá ẹnì kan ju nǹkan lù ú. Ó ní, "Ẹ wá wò ó." Ó wí i pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù.

Mo dé ibẹ̀. Ìlà kan bí irun orí ti gbéra láti igun ihò tí mo gé fún gáàsì, ó ti rìn tó ìbú ọwọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àpá kan wà, roboto, ìwọ̀n ìdí ìkòkò, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó ti yọ epo lórí gáàsì, ó sì gbé ìkòkò náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹnikẹ́ni ṣe máa ń ṣe lórí òkúta. Mo ti ní òkúta ni.

Àpá yẹn, ẹnu mi ló fà á. Akirílíìkì kì í fara da ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná sọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí a ó tẹ́ sábẹ́ ìkòkò, irin tàbí pákó. Ìlà tó là, ọwọ́ mi ló fà á. Mo gé igun ihò gáàsì náà ní mẹ́rin gún régé bí igun ìwé, nítorí pé ó wù mí lójú. Ooru ń jẹ́ kí ohun yìí fẹ̀, òtútù ń jẹ́ kó sún kì, lójoojúmọ́, gbogbo fífà yẹn sì máa ń kóra jọ sí igun tó mú. Ẹ wo ọrùn aṣọ tí ránṣọránṣọ là níwájú: ibi tí ìlà parí sí ni yóò ti ya, àfi tó bá fi òwú dì í. Igun ihò gbọdọ̀ ká roboto, kí a fi sáńpépà pa etí rẹ̀ títí kò fi ní í sí àpá ayùn lára rẹ̀, kí a lẹ tépù alumíníọ̀mù yí i ká láti tú ooru ká, kí a sì fi àyè bí mílímítà mẹ́ta sílẹ̀ nídìí ògiri, kí sílíkóònù dí i. Wọ́n ti kọ́ mi ní gbogbo èyí ní Kútọnu. Mo kánjú ni.

Mo sọ fún un pé n ó tún un ṣe. Kò dá mi lóhùn. Àtúnṣe náà nílò ẹyọ kan láti ara abala yẹn gan-an, torí pé àwọ̀ orúkọ kan náà láti ilé iṣẹ́ kan náà lè yàtọ̀ díẹ̀ bí wọn kò bá pò wọ́n lọ́jọ́ kan. Mo rántí pé ẹyọ tí mo gé kúrò níhò síǹkì rẹ̀ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo dé ibẹ̀, ọmọṣẹ́ mi ti fa ìlà yíká rẹ̀, ó ti yà á sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ó ti di pátákó dáàmù, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì sì wà lórí rẹ̀ lójú ayò. N kò tilẹ̀ bínú. Mo ní kí wọ́n ta á tán. Ṣebí n ó fi sáńpépà pa ìlà náà rẹ́.

Mo padà lọ ní ọjọ́ Àìkú. Mo gé gbogbo ibi tó là àti ibi tó jóná kúrò, mo sọ igun náà di roboto, mo gé ẹyọ mìíràn tó bá ihò náà dọ́gba, mo lẹ̀ ẹ́, mo sì tún fi òmíràn tì í lábẹ́. Nígbà tó gbẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ó gbé àga wá, ó jókòó ń wò mí, fún bíi wákàtí méjì. Nígbà tí mo nù ún tán, ó dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wá ojú ibẹ̀ lọ, ó wá a bọ̀. Kò rí i.

Ó ní, "Bó bá jẹ́ òkúta ni, ṣé ẹ lè ṣe báyìí?"

Mo ní, "Rárá, Màmá."

Ó ní, "Kí ló wá dé tí ẹ fi ní òkúta ni?"

Mo ti ń gbé ìbéèrè yẹn kiri láti ọjọ́ náà. Ohun tó dára jù lọ lára ohun tí mo ń tà, èmi ni mo fi pamọ́, nítorí pé mo fẹ́ kó jọ ohun tí kì í ṣe.

Gbogbo èèyàn tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, "Ṣé ó le?" ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí. Mo ti wá ń dá wọn lóhùn pé kò le. Àwọn onímọ̀ òkúta ní òṣùwọ̀n kan, láti 1 dé 10, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mohs, tí wọ́n fi ń mọ èyí tí yóò ha èkejì lára. Gíráníìtì Ṣábẹ̀ẹ́ á wà láàárín 6 sí 7. Ọ̀bẹ ìdáná wà ní bíi 5 àtààbọ̀. Ohun tí mo ń tà wà ní bíi 3. Ìyẹn ni pé ọ̀bẹ kò lè kọ òkúta ìyá mi lára, ṣùgbọ́n ó lè kọ tèmi. Máàbù náà kò ju 3 lọ, ọsàn wẹ́wẹ́ sì lè jẹ ẹ́ lójú, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń bi máàbù léèrè bó le. Bí gíráníìtì bá là, a lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀, àmọ́ àpá rẹ̀ ò ní í lọ láéláé. Tèmi máa ń gba ọgbẹ́ lójoojúmọ́, ó sì máa ń jinná lọ́dọọdún. Àwọ̀ dúdú ló máa ń fi ọgbẹ́ hàn jù, nítorí náà mo máa ń gba oníbàárà níyànjú pé kó mú èyí tó mọ́lẹ̀ tó sì ní àmì wẹ́wẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ kì í gbọ́. Dúdú ni wọ́n rí lórí Instagram. Onídìrí kan ní àdúgbò wa mú dúdú tó ń dán, ó ń fi asitóònù nu èékánná oníbàárà lórí rẹ̀, èyí tó ń jẹ akirílíìkì. Lóṣù kejì, pẹpẹ náà dà bí ẹni tó ní làpálàpá.

Oríṣi kẹta kan wà tí mi ò kì í gbà: èyí tí wọ́n ń pè ní kúwọ́tísì. Ó rẹwà, ó le ju gíráníìtì lọ, ọ̀pọ̀ ilé ní Kútọnu ló ní i. Èérún òkúta kúwọ́tísì ló lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀, oje ike díẹ̀ ló so ó pọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń gé e láìda omi sí i, eruku rẹ̀ máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, á sọ ọ́ di àpá, àpá náà kì í sì í jinná. Silicosis ni orúkọ àìsàn náà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń gé e ló ń pa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2024, orílẹ̀-èdè Ọsirélíà fi òfin de lílò rẹ̀, àwọn ló sì kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láyé. Nígbà tí mo gbọ́, àwọn obìnrin tí mo máa ń rí lẹ́bàá ọ̀nà bí mo bá ń lọ sílé ni mo rántí, tí wọ́n ń fi òòlù fọ́ akọ òkúta sí wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, gèlè lásán lójú ihò imú. Òkúta yẹn náà ní kúwọ́tísì nínú. Eruku iṣẹ́ tèmi kò ní irú rẹ̀, àmọ́ ó pọ̀, ó sì funfun bí ẹ̀lùbọ́ gbágùúdá. Ìbòmú ni èmi àti ọmọṣẹ́ mi ń lò, bí kò bá fẹ́ lò ó, kó lọ ta ayò.

Ayédèrú wà lọ́jà o, kí n má gbàgbé. Dípò akirílíìkì, poliẹ́sítà, irú ike mìíràn, ni wọ́n fi pò ó. Ó jọra lójú. Bí oòrùn bá ń ràn sí i láti ojú fèrèsé, á pọ́n, bí ẹ bá sì yan án láti tẹ̀ ẹ́, á dá. Èmi máa ń bẹ olùtajà fún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo máa ń gbé e sínú ààrò búrẹ́dì aládùúgbò mi. Èyí tó bá ká lọ́wọ́ bí bẹ́líìtì, mo rà á.

Èmi kò rò pé ìlú wa lè bú òkúta àtọwọ́dá. Ẹ gba ìgboro Àjàṣẹ́ kọjá, kí ẹ wo ilé àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú Bìràsílì padà wálé. Ẹ wo mọ́ṣáláṣí ńlá tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Bìràsílì. Òdòdó, òpó àti ọnà tó wà lára wọn dà bí òkúta gbígbẹ́, àmọ́ àpòpọ̀ tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri ni, tí bíríkìlà fi ọwọ́ mọ, tí wọ́n sì fi ọ̀dà kùn. Èyí tí ẹbí ń tún rẹ́ lójú látìgbàdégbà ló dúró. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀, nítorí ìjà ogún tàbí nítorí pé olówó ilé wà ní Paris, igi ti hù lórí rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá mo ṣe pẹpẹ fún ìyá mi. Kò bèèrè rẹ̀. Orúnkún ló ń dùn ún, kò lè jókòó sórí àpótí pẹ́ mọ́. Mo gbé e wá láti Àjàṣẹ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù, nínú àjákù tó ṣẹ́kù láti ilé mẹ́ta, mo so wọ́n pọ̀, funfun bí ẹyin awó, mo ṣe é ní 70 sẹ̀ǹtímítà kó bàa lè jókòó lórí àga lò ó. Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe òkúta o. Ẹ má gbé ìkòkò gbígbóná lé e. Bí ọ̀bẹ bá kọ ọ́, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, n ó máa bá yín fi sáńpépà pa á bí mo bá ti wálé." Ó wò ó. Ohun àkọ́kọ́ tó gbé lé e ni ọlọ rẹ̀, lórí àpò ìrẹsì tó ká sí mẹ́rin.

Mo ní n ó wálé lọ́dún Iléyá, n kò wá. Iṣẹ́ pọ̀. Oṣù kẹsàn-án ni mo tó dé. Mo ti kó sáńpépà oríṣi mẹ́rin sínú àpò, torí mo mọ irú ọwọ́ tó ń gé ilá lójoojúmọ́ láìlo pátákó. Mo wọ ilé ìdáná, mo tẹ̀ mọ́ pẹpẹ náà, mo yí orí sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé bí mo ṣe máa ń wá ìlà ọ̀bẹ. N kò rí ìkankan. Ojú rẹ̀ kò dán bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ó ti rọ̀, ó jẹ́jẹ́ bí ìdí igbá tó ti pẹ́ nílé.

Mo ní, "Ìyá, ta ló bá yín ṣe èyí?"

Ó ń lọ ata lọ. Kò gbójú sókè. "Ṣé n ó máa dúró dè ọ́ ni?" Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí orí ògiri amọ̀. Ìdìpọ̀ ewé ìpín ló wà níbẹ̀, ewé tí àwọn tó ń gbẹ́ ère fi ń dán igi, tí òun fúnra rẹ̀ fi ń fọ ìdí ìkòkò kí wọ́n tó bí mi. Díẹ̀ ti gbẹ, díẹ̀ ṣì tutù.

Mo mú ọ̀kan, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ pa èékánná mi wò. Lẹ́yìn náà ni mo bi í ní ibi tí igi rẹ̀ wà.